Ẹnu Oníwàásù àti Ojú Ará Ìlú: Ìtàn Iṣẹ́ Ìwàásù ní Ìhà Gúúsù Èkìtì

Ní ìlú tí ó fẹ̀ bí Èkó, oníwàásù lè sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga ìwàásù kí ó sì wọ inú èrò lọ. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi lè má fi ojú kàn án mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò fi dé. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìláwẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré. Ní irú ìlú wọ̀nyí, ẹni tí ó wàásù lánàá ni a óò pàdé lónìí ní ọ̀nà oko. A mọ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè; a mọ bí ó ti ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́; a mọ ilé tí ó yà sí nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ará ìlú kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí oníwàásù bá ń ṣe ohun tí ó ń sọ. Ojú ni wọ́n fi ń rí i.

Àwọn ìwé ìtàn ìjọ fẹ́ràn láti máa ka ọdún tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti orúkọ àlùfáà tí ó sìn níbẹ̀, àti iye ènìyàn tí a rì bọmi. Bí àwọn tí ń wàásù ti ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, èdè tí wọ́n fi ṣe é, àti ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ti kọ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ìwàásù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì hùmọ̀. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, tí wọ́n ń pè é ní wa'azi, kí ó tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbọ́ àlùfáà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbọ́ àdúrà àti wòlíì. Nígbà náà, kí Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ tó dìde láti wàásù ní èdè Yorùbá, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, àwọn tí ó ń gbọ́ ọ sì ti ní èrò kan lọ́kàn nípa irú ènìyàn tí ó yẹ kí oníwàásù jẹ́: ẹni tí ó mọ ìwé, tí ó ń gba ààwẹ̀, tí ó sì ń gbàdúrà fún ènìyàn. Ìwọ̀n yìí ni a fi wọn àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1844 ni Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ọmọ Òṣogùn ni; a kó o lẹ́rú ní 1821, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé tí ó sì ń fi kọ́ni. Ní 1843 ni a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹsẹ karùndínlógójì orí kìíní ìwé Lúùkù ni ó mú ṣe ẹsẹ ìwàásù rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn náà ṣe pàtàkì ju ìwàásù náà lọ fún ẹni tí ó bá ń wádìí iṣẹ́ yìí. Ó ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, tí òun sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ní ọjọ́ náà ó dà bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọhùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó súre fún àwọn ènìyàn tán, gbogbo ilé náà dáhùn pé kí ó ṣẹ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rù tí ó ba Àjàyí yìí. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ Yorùbá ni ó ń gbọ̀n. Ọdún tí ó ṣáájú ni ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ohun tí ó rí ni pé ẹni tí ó mọ èdè ní ọjà àti ní ìdí oúnjẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ní orí àga ìwàásù. Èdè Yorùbá ti ní ohùn tí a fi ń bá ọba sọ̀rọ̀, ó ní ohùn tí a fi ń pe ìwúre, ó ní ohùn tí babaláwo fi ń kífá. Kò tíì ní ohùn tí a ó fi dúró níwájú ìjọ kí a sì túmọ̀ ìwé mímọ́ fún wọn. Ẹnì kan ni láti kọ́kọ́ ṣe é, kí ó sì tàsé níbi tí yóò ti tàsé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé oníwàásù òde òní tí kò gbọ̀n rárá ni ìbá jàǹfààní bí wọ́n bá ka àkọsílẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí Àjàyí gbà ni pé ó jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1852 kún fún òwe. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Thomas King, tí ó jẹ́ Ẹ̀gbá, bá a ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà títí ó fi kú ní 1862. Nígbà tí ó fi di 1884, gbogbo Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Àjàyí kò ka ìwé náà sí ohun ọ̀ṣọ́. Ní 1872, nígbà tí ó jókòó níwájú Ẹ́míà Ìlọrin tí wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀, kíkà ni ó ń kà láti inú ìwé mímọ́ fún ìdáhùn, kò bá wọn jiyàn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ mú ìṣòro tirẹ̀ wá, ìṣòro tí àwọn tí kò kàwé ní gbangba rí kì í rò. Àmì ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì Yorùbá kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi láìtíì wò ó ní alẹ́ àbámẹ́ta lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti mọ̀ bóyá ọrùn ni ó yẹ kí òun pè tàbí ọ̀run. Bí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà bá tún bọ́, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn yóò di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń rònú pìwà dà lé lórí. Nítorí náà ni iṣẹ́ oníwàásù fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ kíkà. Àwọn kátíkíìsì àtijọ́ tí ó mọ iṣẹ́ wọn a máa ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sókè nínú ilé kí wọ́n tó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe dé Èkìtì? Ogun ni ó gbé e dé. Ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877, kò túká pátápátá títí di 1893. Ṣáájú ogun náà àti nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, sí Abẹ́òkúta àti sí Èkó, níbi tí díẹ̀ nínú wọn ti pàdé ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n padà wálé. Babamúbọ̀ní wà nínú àwọn tí ó gbé ìgbàgbọ́ náà wá sí Adó. Helena Doherty, obìnrin tí a ti tà lẹ́rú rí, gbé e dé Ìjerò. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà tí ó kọ́ irú àwọn wọ̀nyí ní ìwàásù. Àwọn ẹbí wọn ti sọ̀rètí nù lórí wọn, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn ti ṣe òkú wọn. Wàyí o, wọ́n dúró ní agbo ilé bàbá wọn, wọ́n ń sọ pé ẹnì kan ra àwọn padà. Ẹni tí a kò tà rí lè sọ ọ̀rọ̀ ìràpadà, yóò sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí a tà bá sọ ọ́, àwọn olùgbọ́ kò nílò àlàyé. Bí a bá ń ka àwọn oníwàásù àkọ́kọ́ ní Èkìtì, àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a fi ṣíwájú, kí orúkọ àwọn tí ó wọ aṣọ funfun tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àlùfáà pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Ní 1886, nígbà tí ìjọba Èkó ń wá bí ogun náà yóò ti parí, Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá àti Charles Phillips tí ó ń sìn ní Oǹdó láti 1877 ni a rán sí àwọn ọba àti àwọn olórí ogun. Wọ́n ń ru ọ̀rọ̀ lọ láti ibùdó kan sí èkejì títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà ọdún náà. Iṣẹ́ ìjíṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó bá sì fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ ìwàásù kan tí ó le ju èyí lọ. Nígbà tí Phillips di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, Èkìtì wà lára ibi tí ó ń bójú tó, títí ó fi kú ní 1906.

Nígbà náà ni ọ̀ràn èdè tún yọjú. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú Bíbélì. Ará Èkìtì kì í pe ilé ní ilé, ulé ni ó ń pè é; ukú ni ó ń pe ikú. Ìyá arúgbó kan tí kò rìn kọjá ọjà Adó rí yóò gbọ́ ìwé náà bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn odò: ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jọ tòun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọlé. Oníwàásù tí ó bá ti òkèèrè wá ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ bí ìwé, a ó bọ̀wọ̀ fún un, a ó sì máa tòògbé. Bí ó bá fẹ́ sọ Èkìtì láìmọ̀ ọ́n, àwọn ọmọdé yóò fi ṣe ẹ̀yẹ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ ni pé kí ó ka ẹsẹ náà bí a ti tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fi ohùn ilé tú u palẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó ní ògbufọ̀. Ògbufọ̀ yìí, tí ìwé ìtàn kì í dárúkọ, ni oníwàásù gan-an lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ìjọ gbé lọ sílé.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó fi hàn pé kì í ṣe ohùn nìkan ni ó ń yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Òkè Olóṣunta, àpáta ńlá, dúró lókè ìlú náà. A ń bọ ọ́, ó ní ọdún rẹ̀, Olúkẹ́rẹ́ sì ni ó ni iṣẹ́ ìbọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Sáàmù kún fún ọ̀rọ̀ tí ó pe Ọlọ́run ní àpáta. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ àfiwé lásán ni èyí. Ní Ìkẹ́rẹ́, bí oníwàásù bá la ẹnu kí ó sì wí pé àpáta ni Ọlọ́run, olùgbọ́ lè gbé ojú sókè wo ojú fèrèsé, kí ó sì ro pé ohun tí bàbá òun ti ń wí látijọ́ nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n oníwàásù kò ní fò ó kọjá, kò sì ní tìtorí rẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Yóò fi ibi tí gbogbo ojú ń wò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì béèrè ta ni ó gbé àpáta náà kalẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìwàásù rẹ̀ sílẹ̀ ní ibòmíràn tí ó sì wá kà á ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ rárá.

Ọ̀ràn oúnjẹ kò ṣeé fi sílẹ̀. Kátíkíìsì ìgbà àtijọ́ ni tíṣà ọmọdé ní òwúrọ̀, akọ̀wé ìlú ní ọ̀sán, oníwàásù ní ọjọ́ ìsinmi. Òun ni ó ń lọ sí abà, òun ni ó ń sìnkú. Owó kíláàsì tí ìjọ ń dá ni a fi ń san owó rẹ̀, ó sì lè pẹ́. Ẹni tí ń jẹun láti ọwọ́ ìjọ, báwo ni yóò ti bá olówó ìjọ wí bí ó bá fẹ́ aya kejì? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Ní 1901, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan ya kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó nítorí ọ̀ràn James Johnson, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, ìdáhùn kan jáde láti oko. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ní oko kòkó ńlá ní Ifàkọ̀ lẹ́bàá Agége. Àwọn ará òkè tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, wọ́n gbé méjèèjì lọ. Oníwàásù tí ó ní oko lè sọ òtítọ́ kí ó sì tún jẹun ní alẹ́. Ṣùgbọ́n oko pẹ̀lú a máa gba ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni, kòkó kò sì mọ ọjọ́ tí a ń múra ìwàásù sílẹ̀.

Àwọn kan fi ẹ̀bùn mìíràn kún un. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá tí ó kú ní 1930, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ohùn ọ̀rọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi ń sọnù. Ó ń fi orin tí ó bá ohùn Yorùbá mu ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èrò a sì pé kí ó tó ṣí ìwé. Ní 1922, ó kọ orin wọ̀nyí sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe gbogbo àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn báyìí ni inú wọn ń dùn sí i. A ti rí ẹni tí ó ro pé ìwàásù tí ó bá dùn kò lè jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1920 sí 1930, ilé ẹ̀kọ́ ti ń pọ̀ sí i, àwọn tíṣà tí a kọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ sì ti tàn kálẹ̀. Ìwàásù wọn gún régé, ó ní orí mẹ́ta, ó sì máa ń parí ní àkókò. Ó ń tutù pẹ̀lú. Sínú òtútù yìí ni irú oníwàásù mìíràn ti wọlé. Moses Orímóládé, ọmọ Ìkàrẹ́, arọ ni, kò sì lọ ilé-ìwé. Síbẹ̀ ó rìn káàkiri Àkókó, Èkìtì àti ibi jíjìnnà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ Bíbélì láti orí bí ẹni tí ìwé ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó tó dé Èkó tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sì bẹ̀rẹ̀ ní 1925. Àwọn tí ó kàwé ń béèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ. Àwọn tí kò kàwé kò béèrè.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Odò-Ọwà ni wọ́n ti bí i ní 1904. Ilé-ìwé díẹ̀ ni ó lọ, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì wá di awakọ̀ róólà tí àwọn P.W.D. fi ń tẹ ojú títì. Gẹ́gẹ́ bí ìjọ rẹ̀ ti ń ròyìn rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì, ó sì gbọ́ ohùn tí ó pè é. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òóyè ní Iléṣà, èrò sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn, títí kan Èkìtì. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni ó dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí Ọba Aládéjáre ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Agogo, Bíbélì àti àdúrà ni ohun èlò rẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè kò gùn: kí ènìyàn ronú pìwà dà, kí ó kó oògùn àti òrìṣà rẹ̀ jáde kí a dáná sun wọ́n, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan. Ìwàásù tí ó bá ní kí o gbé ohun kan jáde láti inú yàrá rẹ lójú gbogbo ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tí ó ní kí o ronú sí i títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn tí ó sọ pé iṣẹ́ ìyanu nìkan ni ó kó èrò jọ kò tíì fi ojú tí ó tó wo bí ó ti ń sọ̀rọ̀, tàbí bí ó ti ń gbààwẹ̀ kí ó tó sọ ọ́.

Agbára yìí náà ní ewu. Òfin ìgbà náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn pe ẹlòmíràn ní àjẹ́. Ní 1932, ọ̀ràn àjẹ́ tí ó yọ nínú ìrìn-àjò ìwàásù Babalọlá mú un dé ilé ẹjọ́, a sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń ka ẹ̀wọ̀n náà sí inúnibíni, wọ́n sì ní ìdí wọn. Ẹni tí ó bá ń fi ojú òpìtàn wò ó yóò rántí pẹ̀lú pé nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń tẹ́tí sí ẹnì kan, gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ lè ṣubú lu arúgbó tí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ẹnu tí ó lè tú ènìyàn sílẹ̀ lè de ẹlòmíràn. Babalọlá jáde láti ẹ̀wọ̀n, ó padà sí ojú ọ̀nà, kò sì padà sí iṣẹ́ róólà tí ó ń mú owó wọlé. Ní 1943 ni a fi orúkọ Christ Apostolic Church sínú ìwé ìjọba.

Ní ìhà Ìláwẹ̀ lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ti Kátólíìkì àti ti Àpọ́sítélì wà nítòsí ara wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé ọ̀rọ̀ ti ọ̀kan dé inú àgbàlá èkejì. Àwọn ọmọ ti fi ohùn ilé-ìwé kọ́ Bíbélì, nítorí náà ògbufọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ mọ́. Ojú ará ìlú kò tíì yí padà. Nígbà tí Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959, wọn kò sin ín síbẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìlú tí ó ti ń wo bí ó ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde láti 1930, ni wọ́n gbé e lọ.